Wáyà Tẹlifóònù Abẹ́ Ilẹ̀ ní Ẹ́sítéètì Wa: Ohun Tí Mo Rí Kí Wọ́n Tó Da Yẹ̀pẹ̀ Bò Ó

Ní ìparí ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn onílé ní ẹ́sítéètì wa, ní ìhà Akóbọ̀ n'Ìbàdàn, gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan pé kí ó ri wáyà tẹlifóònù oníbàbà mọ́lẹ̀ láti ilé ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì dé ilé mẹ́rìndínlógún, kí onílé kọ̀ọ̀kan lè máa bá àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ láìsan owó ìpè, láìdúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìbáà jẹ́ iná wà tàbí kò sí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣojú ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ náà, nítorí pé síso wáyà pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣì wà láàárín àwa àti wọn tí kò tíì tán. Ohun tí mo lè sọ kí n tó lọ jìnnà ni pé mo tún lè gbé iṣẹ́ fún wọn, bí wọ́n bá gbà kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dúró tì wọ́n láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹni tó kun ilé, ojú lásán tó láti fi wo iṣẹ́ rẹ̀. Ti abẹ́ ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti da yẹ̀pẹ̀ padà sínú yàrà tán, iṣẹ́ gidi àti iṣẹ́ jákujàku á jọra fún ọdún kan tàbí méjì, títí omi yóò fi wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, tí ohùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ bí ẹni ń dín dùndú. Nítorí náà, ohun tí mo fojú rí nígbà tí yàrà ṣì ṣí sílẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ní kí ló dé tí a kò fi lo fáíbà lóhùn. Fáíbà, ìyẹn wáyà onígíláàsì tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, dára, ṣùgbọ́n kò lè gbé iná lọ fún tẹlifóònù, bàbà sì lè gbé e. Bátìrì tó wà ní ilé ẹ̀ṣọ́ ń fi iná fóltì 48 ránṣẹ́ lórí wáyà kan náà tí ohùn ń gbà, tẹlifóònù inú ilé kò sì nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ilé tó jìnnà jù lọ kò ju mítà 640 lọ sí géètì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi wáyà yìí wo fíìmù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2001, tí GSM dé Nàìjíríà, kò tíì rí tẹlifóònù tó ń dún nínú ilé tó ṣókùnkùn rí. Ní ẹ́sítéètì wa, wọ́n ti ń rí i báyìí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò gbé díígà sílẹ̀ rárá, èyí sì ni ohun àkọ́kọ́ tó mú kí ọkàn mi balẹ̀. Fọ́máànù wọn rin ọ̀nà náà láti géètì dé ìpẹ̀kun, ó ń kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ibi tí páìpù omi gbà, ibi tí ṣálángá wà, àti ibi tí wáyà ẹ̀rọ amúnáwá gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń wá wáyà lábẹ́ ilẹ̀ jáde. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé fọ́máànù náà kọ́ṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ náà ká rìn lọ rìn bọ̀, ó ní kò sí nǹkankan lábẹ́ ilẹ̀, àwa sì ti fẹ́ gbà á gbọ́. Fọ́máànù ní kí ó dúró. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀, ìgbì iná tó ń kọjá nínú wáyà ló ń gbọ́, kì í ṣe wáyà fúnra rẹ̀. Iná ìjọba sì ti lọ láti òru, nítorí náà wáyà tó lè pa ènìyàn lè wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ má sọ ohunkóhun. Ó bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá wọn, kí wọ́n sì lo ohun tó ń jẹ iná púpọ̀, bíi áyọ́ọ̀nù. Ó tún fi apá kejì ẹ̀rọ náà, èyí tí ń rán ìró tirẹ̀ gba inú wáyà, kọ́ ara gbogbo wáyà tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ké. Onílé kan ti ri wáyà ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbàgbé. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n bá wáyà náà ní nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà péré sí ojú ilẹ̀, láìsí páìpù, láìsí yanrìn, pẹ̀lú èèpo tó ti sán ní ojú kan. Díígà kan ṣoṣo ìbá ti kàn án. Mo wo ojú onílé náà, ó ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbẹ́ kòtò ìdánwò kéékèèké mẹ́sàn-án, wọ́n sì fi ọ̀dà kun ojú ilẹ̀: pupa fún wáyà iná, àwọ̀ sánmà fún páìpù omi, àwọ̀ ọsàn fún ọ̀nà tí wáyà tẹlifóònù tiwa yóò gbà. Àwọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ya wáyà iná, páìpù omi àti wáyà tẹlifóònù sọ́tọ̀ nìyẹn, mi ò sì rí agbaṣẹ́ṣe mìíràn tó lò ó ní àdúgbò wa rí. Bí mo bá ní kí n fún apá yìí ní máàkì, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé òjò alẹ́ wẹ ọ̀dà náà dànù, wọn kò sì tún un kùn títí mo fi pariwo.

Yàrà fúnra rẹ̀ jìn tó 75 sẹ̀ǹtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì jẹ́ kó dé 90 níbi tí ó ti gba abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ kọjá, nínú páìpù tó nípọn. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀rẹ́. Yangí ni láti òkè, àpáta sì ń yọ orí síbí síbẹ̀, èyí tó mú kí owó ìwalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó wáyà. Ohun tí mo ṣọ́ jù ni àlàfo tó wà láàárín wáyà tiwa àti wáyà iná. Níbi tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn rìn, wọ́n fi ilẹ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ dáadáa, tí kò dín ní 30 sẹ̀ǹtímítà, sí àárín wọn. Níbi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan dábùú èkejì gbọọrọ bí àgbélébùú, kí wọ́n má baà fara kan ara wọn lọ́nà tó gùn. Àwọn kan rò pé nítorí ariwo tí iná ń fà sínú tẹlifóònù nìkan ni a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo kéré nínú rẹ̀. Bí èèpo wáyà iná bá jẹ lọ́jọ́ kan, tí fóltì 230 sì bọ́ sórí wáyà tẹlifóònù, ẹni tó gbé tẹlifóònù sí etí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ dé gọ́tà ńlá tó dábùú ọ̀nà ni mo rí ohun tí inú mi kò dùn sí. Kí wáyà lè gba abẹ́ kọnkéré gọ́tà náà, wọ́n ní láti gbẹ́ kòtò kan tó jìn tó mítà 1.6. Mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀, mo bá ọmọkùnrin kan nínú kòtò náà, ògiri yẹ̀pẹ̀ ga dé ọrùn rẹ̀, kò sí pákó kankan tó ti ògiri náà, kò sí àkàbà, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wú jáde sì wà gègèrè ní etí kòtò gan-an, bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀ sí i ní alẹ́ àná. Mo ní kí ó jáde. Fọ́máànù ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù.” Mo ní kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà wá pákó.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi agbára àgbà hàn. Yẹ̀pẹ̀ tó kún àyè mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gíga lè wúwo ju kílò 1,500 lọ, ẹni tó bá sì bò dé àyà kò lè mí, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ wà ní òde. Àjọ OSHA, tó ń ṣọ́ ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí ènìyàn wọ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀, láìsí ohun tó gbá ògiri rẹ̀ mú tàbí kí wọ́n gé ògiri náà dagun, àyàfi tó bá jẹ́ àpáta líle ni wọ́n gbẹ́. Àkàbà gbọ́dọ̀ wà láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, yẹ̀pẹ̀ tí a wú kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ etí kòtò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òfin wọn kò dé Akóbọ̀, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ wa kò fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Nígbà tí oòrùn fi yẹ orí, wọ́n ti kó pákó àti ọ̀pá ìdúró dé, wọ́n ti fi ṣọ́bìrì sún yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ti gbé àkàbà kalẹ̀. Kí fọ́máànù tó mọ ìgbì iná inú wáyà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ má ka ògiri yẹ̀pẹ̀ sí, ó yà mí lẹ́nu, ó sì bà mí nínú jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ tí mo fún ẹgbẹ́, mo sì ń kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n lè máa ṣọ́ ọ.

Wáyà tí wọ́n rà jẹ́ èyí tó ní wáyà ogún méjì-méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní péà, kí mẹ́rin lè ṣẹ́kù fún ọjọ́ iwájú. Ìbú bàbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 0.5. Inú rẹ̀ kún fún ọ̀rá tó dà bíi fasilíìnì, kí omi tó bá rí ihò kan má lè rìn gba inú wáyà lọ. Aṣọ alumíníọ̀mù yí i ká, ó sì wọ èèpo dúdú sí òkè rẹ̀. A tún ní kí irin pẹlẹbẹ wà lára rẹ̀ nítorí òkété. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rín ni mo ń rín, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti tún wáyà abẹ́ ilẹ̀ ṣe ní ẹ̀bá oko.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè wa ni wáyà tí wọ́n fi bàbà bo alumíníọ̀mù, tí wọ́n ń tà ní ọjà bí ẹni pé bàbà ni látòkè délẹ̀. Ó fúyẹ́, ó tètè ń kán, agbára tó fi ń gbé iná lọ kò sì ju nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti bàbà gidi. Kí wọ́n tó tú wáyà kúrò lára róòlù rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ lójú gbogbo wọn, inú rẹ̀ sì pọ́n bí òde rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn ìdènà rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, tí a ń fi ọ̀ómù wọ̀n. Bàbà tó ní ìbú mìlímítà 0.5 máa ń fún ni ní nǹkan bíi ọ̀ómù 168 fún kìlómítà kan, àlọ àti àbọ̀, bí ooru bá wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréédì. Èyí túmọ̀ sí pé mítà 640 yóò fún wa ní nǹkan bíi 108. Ohun tí a rí ni 111. Ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́, tó kàwé dáadáa, ní a ti rẹ́ wa jẹ. Mo sọ fún un pé Ìbàdàn kò tutù tó 20 tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà, bàbà tó bá gbóná sí i a máa dènà iná sí i díẹ̀. Bó bá jẹ́ ayédèrú ni, ìbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 170.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba àkókò wa púpọ̀, nítorí wọ́n ṣe é dáadáa. Wọ́n gbé róòlù sórí ìdúró kó lè máa yí, ènìyàn mẹ́jọ sì gbé wáyà lọ́wọ́ lọ dípò kí wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ lórí òkúta. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ le jù ní igun kankan: ìtẹ̀kọ rẹ̀ kò kéré sí ìlọ́po mẹ́wàá ìbú ara rẹ̀. Yanrìn tí wọ́n ti sẹ́ òkúta kúrò nínú rẹ̀ wà lábẹ́ àti lórí rẹ̀, téèpù ìkìlọ̀ wà lókè yanrìn náà, kí ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ́la lè kan téèpù kó tó kan wáyà.

Ibi ìsopọ̀ ni iṣẹ́ mi àtijọ́, nítorí náà níbẹ̀ ni ojú mi ti le jù. Ojú ìsopọ̀ méjì péré ló wà lójú ọ̀nà, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ojú ìsopọ̀ ni omi ti ń wá ọ̀nà wọlé. Wọ́n lo ìsopọ̀ kéékèèké tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀, tí a ń fi páyásì tẹ̀ pa. Wọn kò fi ọwọ́ lọ́ bàbà kí wọ́n sì fi téèpù dúdú wé e, bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ti ń ṣe. Wọ́n fi rọ́bà tí ń sún kì bí iná bá rà á bo gbogbo rẹ̀. Mo rí ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi eyín bó èèpo wáyà, mo sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí ní ìgbà èwe mi: ìpè wọlé lórí wáyà tó wà lẹ́nu mi lọ́wọ́. Fóltì 48 kò lè ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ ní nǹkankan, ṣùgbọ́n iná tí ń mú agogo tẹlifóònù dún máa ń tó fóltì 75 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, itọ́ ẹnu sì dà bí ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ méjì ni mi ò lè jẹ ẹ̀bà gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ ààrá ni èyí tí kò tíì tán láàárín wa. Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti lè fi wáyà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìdáàbò bò ó. Bí mànàmáná bá kan ilẹ̀ nítòsí, agbára rẹ̀ máa ń gba inú ilẹ̀ wọ wáyà, wáyà á sì gbé e wọ inú ilé. Àdéhùn wa ni pé kí aṣọ alumíníọ̀mù tó wà lára wáyà so mọ́ irin ẹ́ẹ̀tì tí a gún wọ ilẹ̀, kí ohun kékeré tí ń da agbára ààrá sínú ilẹ̀ sì wà ní òpin méjèèjì, ní ilé ẹ̀ṣọ́ àti ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ti ilé ẹ̀ṣọ́ pé pérépéré. Ilé márùn-ún kò tíì ní tiwọn títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, wọ́n ń sọ pé ó ti tán lọ́jà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba owó rẹ̀. Mo ti ní kí àwọn ilé márùn-ún náà máa yọ tẹlifóònù wọn bí òjò bá ṣú, ẹgbẹ́ sì ti mú owó díẹ̀ dání títí wọn yóò fi parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n lo ẹ̀rọ ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Megger ní fóltì 500 láti mọ bóyá iná ń jò láti ara wáyà kan sí èkejì tàbí sí ilẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yọ tẹlifóònù àti àwọn ohun agba-ààrá kúrò, nítorí pé àwọn wọ̀nyí yóò gbà pé ààrá ló dé, wọn á sì jẹ́ kí iná gba inú wọn kọjá. Wọ́n sì fi ẹnìkan dúró ní òpin kejì kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni jíjò iná ṣe kéré tó. Péà mọ́kàndínlógún kọjá mẹ́gáọ̀ómù 1,000. Ọ̀kan wà ní 2. Agbaṣẹ́ṣe mìíràn ìbá ní ká fi í sínú mẹ́rin tó ṣẹ́kù, ká máa lọ. Àwọn wọ̀nyí padà sí ojú ìsopọ̀ kejì, wọ́n gé rọ́bà, wọ́n rí fọ́nrán bàbà kan tó yọ gba ara aṣọ alumíníọ̀mù, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ so láìbéèrè owó kún owó. Ohun kan yìí ló mú mi sọ pé mo tún lè gbà wọ́n.

Máàpù iṣẹ́ náà pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé, èyí tí kò dára, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó péye: wọ́n wọn ọ̀nà wáyà láti igun ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ jíjìn rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi àmì sí ojú ìsopọ̀ méjèèjì. Àwọn kan fẹ́ kí a ri òkúta tí a kọ “wáyà tẹlifóònù” sí lára mọ́ ojú ọ̀nà. Mo ní nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n kọ, nítorí pé àwọn tó ń jí bàbà náà mọ̀wé kà. Máàpù wà lára ògiri ilé ẹ̀ṣọ́ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, onílé tó gbàgbé wáyà kànga rẹ̀ wá síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ṣálángá tuntun fún un, àwọn méjèèjì sì dúró níwájú máàpù náà fún bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó lọ gbé díígà.